Bí ẹ ṣe máa tọ́jú Brassavola nodosa, ọ́kíìdì tí òórùn rẹ̀ ń jáde lálẹ́

Ìbéèrè méjì ni àwọn èèyàn kì í jẹ́ kí n sinmi lé lórí. Àkọ́kọ́: "Mo ra ọ́kíìdì, mo gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀ tó dáa, mò ń bomi rin ín láràárọ̀, ó ṣì kú." Ìkejì: "Wọ́n ní òdòdó yìí ń ta sánsán. Mo gbé imú sún mọ́ ọn, n kò gbọ́ òórùn kankan." Ẹni àkọ́kọ́, iyẹ̀pẹ̀ ló pa ọ́kíìdì rẹ̀. Ẹni kejì, ọ̀sán gangan ló lọ ń gbóòórùn ohun tó jẹ́ pé alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́.

Brassavola nodosa ni mo máa ń júwe fún ẹni tó bá fẹ́ ọ́kíìdì olóòórùn níbi tí ooru ti ń mú. Ọ́kíìdì àbáláyé ni, kì í ṣe èyí tí èèyàn lú irú méjì pọ̀ láti fi ṣe. Láti Mẹ́síkò títí dé Kòlóńbíà àti Fẹnẹsúélà ló ti ń hù. Lára igi àti àpáta etíkun ni ẹ ó ti bá a, àní lórí àwọn igi tí ń hù sínú omi iyọ̀ létí ọ̀sà. Ooru Èkó tàbí ti Kútọnu kò jẹ́ nǹkan kan fún un. Ewé rẹ̀ ki, ó gùn tó ìwọ̀n rúlà, ó sì ní ojú ihò gbọọrọ kan láti ìdí dé orí. Òdòdó rẹ̀ ní apá kan tó funfun nini, tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì ṣe ṣóńṣó lórí, àti apá márùn-ún tóóró tó funfun mọ́ àwọ̀ ewé.

## Kí ẹ tó náwó

Ọ́kíìdì yìí kì í ṣe àfòmọ́. Àfòmọ́ ń fa omi ara igi mu. Eléyìí kàn jókòó sórí igi ni. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ló bá tan. Ọ́kíìdì ní gbòǹgbò ní tirẹ̀, ìta gbangba ló sì wà: ó ki, ó funfun, ó ń lẹ̀ mọ́ èèpo igi. Tí ẹ bá ti mọ ohun tí gbòǹgbò yẹn ń fẹ́, iṣẹ́ ti dé ìdajì. Ó fẹ́ kí omi bá òun dáadáa, kí òun sì tètè gbẹ. Nínú iyẹ̀pẹ̀ kò lè gbẹ, ó máa jẹrà ni.

Ohun tí ẹ nílò:

- ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kan nǹkan fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán
- afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ síbẹ̀
- pákó líle kan, tàbí apẹ̀rẹ̀ onígi, tàbí ìkòkò amọ̀ tó ní ihò púpọ̀
- èédú, àpáàdì, èèpo àgbọn
- okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń pẹja, wáyà, ọ̀bẹ tó mú
- ike tí ń fọ́n omi

Bí ilé yín bá ṣókùnkùn tó jẹ́ pé iná lẹ ń tàn lọ́sàn-án, ẹ má ra eléyìí. Ẹ lọ wo apá "Bí eléyìí kò bá bá ilé yín mu" nísàlẹ̀, mo dárúkọ òmíràn síbẹ̀.

## Bí ẹ ṣe máa rà á

1. Ẹ ra èyí tó ti dàgbà, tó ní èéhù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èyí tó ti yọ òdòdó rí ló dáa jù. Ẹ máa rí ọ̀pá òdòdó àtijọ́ tó ti gbẹ lára rẹ̀. Ọmọ kékeré kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè dúró ọdún mélòó kan kí ẹ tó rí òdòdó.
2. Ẹ fi ìka tẹ gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tó le, tó funfun, tó ní orí tútù, ó wà láàyè. Èyí tó rọ̀ pẹ̀lẹ̀pẹ̀lẹ̀, tí awọ rẹ̀ bọ́ sí yín lọ́wọ́ tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo nínú, ti kú.
3. Ẹ yẹ ìdí ewé wò. Bí ẹ bá rí nǹkan pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí nǹkan funfun bíi òwú, kòkòrò ni. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.
4. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ kí ẹ sì rí i lára àmì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ta Brassavola Little Stars ní orúkọ nodosa. Ọmọ nodosa ni Little Stars, òun náà ń rùn lálẹ́, ó sì máa ń yọ òdòdó púpọ̀. Kò burú, bí ẹ bá ti mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún.

Ìkìlọ̀. Ẹ má ra "irúgbìn ọ́kíìdì" tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àgàgà èyí tí wọ́n ya àwòrán òdòdó búlúù sí. Irúgbìn ọ́kíìdì rí bíi lẹ́búlẹ́bú, kò ní oúnjẹ kankan nínú, inú ìgò ní yàrá ìwádìí ni wọ́n ti ń mú un hù. Bí ẹ bá gbìn ín sílé, bóyá ewéko lásán ni yóò hù, bóyá kò ní sí nǹkan kan.

Bí ẹ bá fẹ́ kó ọ́kíìdì kọjá ẹnubodè, ẹ mọ̀ pé gbogbo ọ́kíìdì ló wà lábẹ́ òfin CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé tó ń ṣàkóso òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ẹ sì tún nílò ìwé ẹ̀rí pé ọ̀gbìn náà kò lárùn. Ní Nàìjíríà, Nigeria Agricultural Quarantine Service ló ń mójú tó ìyẹn. Ẹni tó bá dì í sínú àpò ìrìnnà láìsí ìwé, pápákọ̀ òfuurufú ni yóò fi sílẹ̀ sí.

## Orí pákó ni, àbí inú ìkòkò?

Tí ẹ bá wà ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, tí ẹ sì wà nílé láàárọ̀ láti bomi rin ín, orí pákó ni kí ẹ gbé e sí. Ibẹ̀ ni kò ti lè jẹrà, àyàfi bí ẹ bá fi agídí ṣe é. Ẹni tó ń jáde láago márùn-ún ìdájí lọ bá gòsílóò tí kì í wọlé títí di alẹ́, kí ó lo apẹ̀rẹ̀ tàbí ìkòkò, nítorí pé ìyẹn lè fara da ọjọ́ méjì láìrí omi.

### Bí ẹ ṣe máa so ó mọ́ pákó

1. Ẹ dúró de àsìkò. Ẹ wo èéhù tó kéré jù. Nígbà tí gbòǹgbò tuntun bá ń yọ orí jáde nídìí rẹ̀, ìgbà yẹn ló yẹ. Lọ́dọ̀ wa, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dáa jù, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ẹ má dán an wò nígbà ọyẹ́.
2. Ẹ wá pákó. Àjákù igi ìrókò tàbí igi apá láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó dára. Pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Igi rírọ̀ náà kò dáa, kò ní pẹ́ tí yóò fi jẹrà, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
3. Ẹ rẹ èèpo àgbọn sínú omi fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀.
4. Ẹ rẹ gbòǹgbò ọ́kíìdì sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú ogún sí ọgbọ̀n. Yóò rọ̀, kò ní ṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́.
5. Ẹ gé èyí tó ti jẹrà kúrò. Ẹ fi iná sun ẹnu ọ̀bẹ kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì tún sun ún kí ẹ tó lọ sórí ọ̀gbìn mìíràn. Àrùn máa ń bá ọ̀bẹ rìn.
6. Ẹ tẹ́ èèpo àgbọn díẹ̀ sórí pákó, ẹ gbé ọ́kíìdì lé e, ẹ tan gbòǹgbò ká. Gbòǹgbò nìkan ni kí ó kan èèpo àgbọn. Okùn ara rẹ̀ tó so àwọn èéhù pọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní gbangba, ẹ má bò ó.
7. Ẹ fi okùn ọ̀rá dì í pinpin. Ẹ mi pákó náà wò. Bí ọ́kíìdì bá mì, ẹ tún un dì.
8. Ẹ fi wáyà gbé e kọ́ kí ewé dorí kodò. Kò sí àléébù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló lè rí lórí àpáta. Pákó kò gbọ́dọ̀ kan ògiri tàbí ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ikán yóò kọ́lé sí i.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìgbésẹ̀ keje, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Orí gbòǹgbò tuntun kò ju orí ìṣáná lọ. Ó ń dán, ó tutù, ó máa ń ní àwọ̀ ewé, nígbà mìíràn ó máa ń pọ́n díẹ̀. Bí ọ́kíìdì bá ń mì nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́, orí yẹn á máa ha ara mọ́ igi títí yóò fi dúdú. Kò ní gùn mọ́ láti ibẹ̀. Ẹ ó máa bomi rin ín, ẹ ó máa fún un lájílẹ̀, kò ní lọ síwájú, kò ní lọ sẹ́yìn, ẹ ó wá máa wá ẹni tó ṣépè fún un. Okùn tó dẹ̀ ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí gbòǹgbò bá ti lẹ̀ mọ́ pákó fúnra rẹ̀, ẹ lè gé okùn náà kúrò.

Ẹni tó bá ní igi lágbàlá lè so ó mọ́ igi gan-an. Máńgòrò àti àgbọn gbà á. Gúáfà kò gbà á, nítorí pé èèpo rẹ̀ máa ń ṣí kúrò, yóò sì gbé ọ́kíìdì yín dání lọ.

### Bí ẹ bá fẹ́ lo ìkòkò tàbí apẹ̀rẹ̀

1. Ẹ yan èyí tó kéré, tó kàn gba gbòǹgbò rẹ̀. Ìkòkò ńlá kì í gbẹ.
2. Ẹ kó àpáàdì ńlá sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà èédú tí ẹ ti fọ́ sí ìwọ̀n orí àtàǹpàkò. Ẹ fọ èédú náà kí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lọ. Èédú tí wọ́n ti da kẹrosíìnì sí kò wúlò.
3. Ẹ gbé ọ́kíìdì sí i kí èéhù tó dàgbà jù kan etí ìkòkò, kí èyí tó kéré jù kọjú sí àárín. Iwájú ló ń rìn, ẹ fún un láàyè.
4. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dè é kó má baà mì.

Ìkòkò kò gbọ́dọ̀ wà níta gbangba nínú òjò oṣù kẹfà àti ìkeje. Ẹ wá ìbòrí fún un.

## Ìmọ́lẹ̀

Ìmọ́lẹ̀ ló ń fa òdòdó. Bí ọ́kíìdì yín bá sanra, tó ń yọ èéhù, tí kì í sì í yọ òdòdó, ìmọ́lẹ̀ kò tó o. Fàráǹdà tó kọjú sí ìlà oòrùn ló dára jù. Bó bá jẹ́ ìta gbangba, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì abẹ́ oòrùn tó ń dí ìdajì ìmọ́lẹ̀ bò ó láti nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán.

Ewé ni kí ẹ máa wò:

- ewé tó dúdú minimini: ibẹ̀ ṣókùnkùn jù
- ewé tútù tó mọ́lẹ̀, tó ní tótòtó pupa díẹ̀díẹ̀: ibẹ̀ gan-an ló yẹ
- ewé tó ní ojú kan tó funfun, tó wá gbẹ tó dúdú: oòrùn ti jó o

Ẹ má gbé e láti inú ilé bọ́ sínú oòrùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ sì ṣọ́ra fún abẹ́ páànù tó rẹlẹ̀. Oòrùn lè má kan ewé níbẹ̀, síbẹ̀ kí ooru tó ń bọ̀ láti òkè sè é.

## Omi

Ẹ rin ín láàárọ̀ títí omi yóò fi máa kán sílẹ̀. Gbòǹgbò tó gbẹ funfun. Bí omi bá bá a, á di àwọ̀ ewé. Ìgbà tó bá tún funfun padà ni kí ẹ tó tún fún un lómi.

- Lórí pákó, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: lójoojúmọ́.
- Lórí pákó, nígbà ọyẹ́: láàárọ̀, àti ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ó lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.
- Lórí pákó, nígbà òjò: ẹ fi sílẹ̀ fún òjò. Bí òjò bá dá ọjọ́ méjì, ẹ rin ín.
- Nínú ìkòkò: ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ ki ìka sínú èédú. Bó bá ṣì tutù, ẹ dúró.

Omi òjò ló dára jù. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku orí páànù lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbe. Ní àwọn ibìkan l'Ékòó tó sún mọ́ ọ̀sà, omi kànga-ẹ̀rọ máa ń ní iyọ̀. Òótọ́ ni pé ọmọ etíkun ni ọ́kíìdì yìí, ṣùgbọ́n iyọ̀ tó ń kó jọ sínú ìkòkò yàtọ̀ sí èyí tí òjò ń fọ̀ lọ. Tí ẹ bá rí nǹkan funfun tó gbẹ sára ìkòkò, ẹ tú omi òjò lé e lórí dáadáa.

Omi tó bá dúró sí àárín èéhù tuntun mọ́jú lè mú un jẹrà. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí ewé dorí kodò.

## Ajílẹ̀

Ẹ ra ajílẹ̀ tó ń yòrò sínú omi, irú NPK 20-20-20. Ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì nínú omi lítà mẹ́rin ti tó, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà tí èéhù àti gbòǹgbò bá ń yọ. Ẹ fún un ní omi lásán kọ́kọ́, kí ẹ tó fún un ní ti ajílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan nínú oṣù, omi lásán nìkan. Nígbà ọyẹ́, ẹ dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Ìgbẹ́ adìyẹ, yúríà ẹ̀kúnwọ́, omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì: gbogbo wọn ni mo ti rí lára ọ́kíìdì àwọn ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn lọ sídìí ẹ̀fọ́.

## Òdòdó, àti òórùn tí ẹ torí rẹ̀ rà á

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìparí ọdún ló máa ń tanná, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti dàgbà lè yọ òdòdó nígbàkígbà. Ìrudi máa ń jáde láti ibi tí ewé ti pàdé ọ̀pá rẹ̀.

1. Bí ẹ bá ti rí ìrudi, ẹ má yí i padà, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀.
2. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí i. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì ẹ́tílíìnì nínú, ìyẹn a máa mú kí ìrudi pọ́n kí ó sì já bọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n náà ń tú u jáde. Ẹ má gbé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbi tí ọ́kíìdì wà nínú yàrá kan náà.
3. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi máa bá ìrudi tàbí òdòdó.
4. Nígbà tí òdòdó bá ti là tán, ẹ lè gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá tí ẹ ń sùn.
5. Ẹ dúró kí ilẹ̀ ṣú. Àfòpiná ni òdòdó yìí ń pè, alẹ́ sì ni irú àfòpiná bẹ́ẹ̀ ń fò kiri. Nítorí náà kì í fi òórùn ṣòfò lọ́sàn-án. Lálẹ́, òórùn bí ọsàn àti òdòdó tó dàpọ̀ ni ẹ ó máa gbọ́. Ó lè gba alẹ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tó bá là kí ó tó dé ojú rẹ̀.

Ẹni tó ń sun kọ́ìlì ẹ̀fọn nínú yàrá tó fi wá ń ráhùn pé òun kò gbóòórùn, èwo ni ká ti wí?

## Bí nǹkan bá yíwọ́

Ewé ń hunjọ, ó rọ̀. Ẹ wo gbòǹgbò kí ẹ tó bu omi. Bí gbòǹgbò bá le, òùngbẹ ni. Bí gbòǹgbò bá ti jẹrà, omi ti pọ̀ jù, bí ẹ bá tún bu sí i ẹ ó pa á. Ẹ gé èyí tó kú, ẹ gbé e sórí pákó, ẹ fi sí ibi tí oòrùn kò ti mú, ẹ máa fọ́n omi sí i títí yóò fi yọ gbòǹgbò tuntun.

Ìdí èéhù dúdú, ó ń rọ̀, dúdú náà ń gòkè. Kánkán ni eléyìí. Ẹ gé e lọ́jọ́ náà, kí ẹ gé kọjá ibi tó dúdú títí ẹ ó fi rí ara tó mọ́. Ẹ fi lẹ́búlẹ́bú sínámọ́ńì sí ojú ọgbẹ́, kí ó má kan gbòǹgbò, nítorí pé ó máa ń gbẹ ẹ́. Ẹ má fún un lómi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Kòkòrò tó lẹ̀ mọ́ ewé, tàbí èyí tó rí bíi òwú. Ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú sípírítì nù ún kúrò. Ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan, torí ẹyin rẹ̀ á ṣì wà. Bí èèrà bá ń lọ tó ń bọ̀ lára rẹ̀, ẹ wá kòkòrò náà, omi dídùn bí oyin tó ń jáde lára rẹ̀ ni èèrà ń lá.

Orí gbòǹgbò ń sọnù mọ́jú. Ìgbín kéékèèké ni. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì wò ó lóru, ẹ ó bá a lẹ́nu iṣẹ́.

## Fún ẹ̀yin tó wà ní ìlú òtútù

Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Ṣìkágò, fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ni kí ẹ gbé e sí, kí ewé má kan gíláàsì lásìkò òtútù. Ẹ má jẹ́ kí òtútù òru kọjá 15°C sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ amúlé-gbóná ń mú kí afẹ́fẹ́ gbẹ bíi ti ọyẹ́, nítorí náà ìkòkò sàn fún yín ju pákó. Láàárín oṣù kẹwàá sí ìkẹta, gílóòbù LED fún wákàtí méjìlá lójúmọ́ yóò ràn án lọ́wọ́. Nígbà ooru, tí òru bá ti ju 15°C lọ, ẹ gbé e síta. Ẹ̀yin tó wà ní gúúsù Fulọ́rídà, ẹ so ó mọ́ igi, kí ẹ máa gbé àwọn tó wà nínú ìkòkò wọlé ní òru tó bá tutù.

## Bí eléyìí kò bá bá ilé yín mu

- Ilé tó ṣókùnkùn díẹ̀: Phalaenopsis bellina, láti erékùṣù Borneo. Ọ̀sán ni òórùn tirẹ̀ ń jáde, kò fẹ́ oòrùn tààrà, kò sì fẹ́ kí gbòǹgbò òun gbẹ tán. Ọ̀pọ̀ Phalaenopsis ṣọ́ọ̀bù kì í rùn, ẹ béèrè èyí ní orúkọ.
- Ẹni tó fẹ́ òórùn ọ̀sán níbi ooru: Rhynchostylis gigantea, láti gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà. Apẹ̀rẹ̀ onígi ló fẹ́, ẹ kò sì ní kó nǹkan kan sí i.
- Ẹni tó ní àgbàlá ńlá: Ansellia africana, ọmọ Áfíríkà, tó ń hù ní Nàìjíríà náà. Òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ní tótòtó aláwọ̀ ilẹ̀, òórùn rẹ̀ kò le. Ó máa ń tóbi gan-an. Ẹ má lọ já a lórí igi nínú igbó. Ẹ ra èyí tí wọ́n gbìn.

## Pínpín rẹ̀

Nígbà tí èéhù bá ti pé mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè pín in. Ẹ fi ọ̀bẹ tí ẹ ti sun gé okùn ara rẹ̀, kí apá kọ̀ọ̀kan ní èéhù mẹ́rin, ó kéré tán mẹ́ta. Apá tí kò bá ní gbòǹgbò tuntun kò tíì yẹ ní gígé. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ kan kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kí ẹ tó so wọ́n mọ́ pákó gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ lókè. Ẹ lè má rí òdòdó lára wọn lọ́dún yẹn. Bí aládùúgbò bá ní kí ẹ fún òun ní ewé kan ṣoṣo láti fi gbìn, ẹ sọ fún un pé ewé kì í hù. Kí ó dúró de ìgbà tí ẹ bá ń pín in.